A Ń Gbé Inú Rẹ̀, A Ń Tún Un Ṣe, A Sì Fẹ́ Tà Á

Bí èèyàn bá gbọ́ pé èmi àti ọkọ mi ra ilé tó ti gbó, pé a kó sínú rẹ̀, a tún un ṣe, a sì tà á, ohun àkọ́kọ́ tó máa bi wá ni pé, "Èló lẹ jẹ lórí rẹ̀?" Wọn kì í bi wá pé níbo là ń wẹ̀ sí nígbà tí kò sí balùwẹ̀. A ti ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ báyìí, ìbéèrè kejì yẹn ni mo sì gbà pé ó ṣe kókó jù. Ẹni tí ara rẹ̀ ò bá gba wàhálà ilé náà yóò tà á kí iṣẹ́ tó tán, tàbí kó fi ìkánjú parí rẹ̀, ẹni tó bá wá rà á yóò sì rí ojú ìkánjú náà kedere.

Gbígbé inú ilé tí à ń tún ṣe ní àǹfààní kan tí ẹni tó ń gbé níbòmíì kò lè ní. Ilé náà á máa tú àṣírí ara rẹ̀ fún yín tọ̀sán-tòru, nínú òjò àti nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ó sì ní ewu kan tó bá a rìn: díẹ̀díẹ̀ ni ẹ ó máa gbàgbé pé títà lẹ fẹ́ tà á, ẹ ó wá máa tún un ṣe fún ara yín. Gbogbo ohun tí ojú mi ti rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ọ̀kan nínú méjèèjì ló wà nídìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ríra. Ọjọ́ tí a bá ra ilé lèrè ti ń dájú tàbí kó ti sọnù, kì í ṣe ọjọ́ tí a bá tà á. Ẹ̀yìn la ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò bọ̀ wá síwájú. A ó wádìí iye tí àwọn ilé tó jọ ọ́ ládùúgbò náà tà ní tòótọ́ lẹ́nu àìpẹ́ yìí, kì í ṣe iye tí àwọn onílé ń pè é, torí ẹnu ò níye. Inú iye yẹn la ó ti yọ owó àtúnṣe, owó àjẹ́ńtì àti ti lọ́yà, èlé báńkì fún gbogbo oṣù tí iṣẹ́ máa gbà, owó adójútòfò àti owó orí. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ èrè tiwa náà ni ohun tó yẹ ká san. Àwọn tó ń fi ríra ilé, títún un ṣe àti títà á ṣòwò ní Amẹ́ríkà ní ìlànà kan tí wọ́n máa ń tẹ̀ lé: ẹ wo iye tí ilé náà máa tà lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ mú ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ẹ yọ owó àtúnṣe kúrò níbẹ̀, kí ẹ má sì san ju ohun tó kù lọ. Ti ẹni tó ń gbé inú ilé náà kò ní láti le tó bẹ́ẹ̀, torí owó ilé tí ì bá san níbòmíì ti wà nínú èyí. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé àwọn tó máa ń sọ pé "a kúkú máa gbé inú rẹ̀ ni" ló máa ń san owó gọbọi lórí ilé tí kò tó bẹ́ẹ̀.

Irú ilé tí a máa ń wá ni èyí tí ìrísí rẹ̀ ń lé èèyàn sá, àmọ́ tí ìpìlẹ̀ àti ògiri rẹ̀ dúró. Òórùn, ọ̀dà tó ti ṣí, kọ́bọ́ọ̀dù tó ti jẹrà, táìlì aláràbarà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ̀ mọ́: gbogbo ìyẹn ń dín owó kù lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ju bó ṣe máa ń náni láti tún un ṣe lọ. Ìpìlẹ̀ tó ń rì ò rí bẹ́ẹ̀. Owó tí ẹ bá kó sínú ilẹ̀ kò sí ẹni tó máa rí i, kò sì sí ẹni tó máa fi kún owó tó fẹ́ san nítorí rẹ̀.

Nígbà tí a bá kó wọlé, a kì í fọ́ nǹkan kan. Èyí máa ń ya àwọn oníṣẹ́ lẹ́nu. Bíríkìlà wa, àgbàlagbà tó mọṣẹ́ dáadáa, á ti mú òòlù dání. Á ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká ti ibì kan bẹ̀rẹ̀." Èmi á ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ rọ̀ ná." Á rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ẹnjiníà bá wá yẹ ilé wò lọ́jọ́ tí oòrùn mú, ohun tí ojú oòrùn bá fi hàn án ló máa kọ sílẹ̀. Àwa tí à ń sùn níbẹ̀ la máa gbọ́ omi tó ń kán sórí àjà láàárín òru. Àwa la máa mọ̀ pé yàrá tó wà lápá ìwọ̀ oòrùn kò ṣeé wọ̀ lọ́sàn-án, pé èéfín ilé ìdáná ń gba ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn lọ sí yàrá, pé ẹni tó bá wọlé lóru ní láti táràrà la palọ̀ kọjá kó tó kan ibi tí wọ́n ti ń tan iná. Mo máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan bí wọ́n ṣe ń bí mi nínú. Ìwé ìbínú yẹn ló máa ń di ìlànà iṣẹ́ wa, torí ohun tó bí èmi nínú lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa bí ẹni tó wá wo ilé nínú ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ara á ti mọ́ ọn, mi ò ní rí i mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a tètè kọ ọ́.

Ibi tí ògiri bá ti sán, pẹ́ńsù ni mo fi ń fa ilà sí ìdí rẹ̀ ní ìpẹ̀kun méjèèjì, màá sì kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Sísán tó tín-ínrín bí irun lórí ògiri tí wọ́n rẹ́, síméǹtì tó gbẹ tó sún kì ni, ọ̀dà á bò ó. Èyí tó bá ti igun fèrèsé gba ìdábùú lọ, tó fẹ̀ lápá kan ju apá kejì lọ, tó ju mílímítà 5 lọ, tàbí tó ti kọjá ilà pẹ́ńsù mi láàárín oṣù díẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ bíríkìlà, ẹnjiníà ló kàn. Kò sí bí ẹni tó ń wá wo ilé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ṣe lè mọ̀ bóyá sísán ń gùn tàbí ó ti dúró. Ẹni tó ń jí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin ló tún gba sùúrù jù, torí ibi mẹ́ta ló ti máa ń wá, ìwòsàn wọn ò sì jọra. Ó lè jẹ́ omi òjò tó ń gba òrùlé tàbí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wọlé. Ó lè jẹ́ omi ilẹ̀ tó ń fà gòkè láti ìsàlẹ̀ ògiri. Irú èyí kì í sábà ga ju nǹkan bíi mítà kan lọ, ó sì máa ń fi ilà àti iyọ̀ funfun sílẹ̀ níbi tó bá dé dúró. Ó sì lè jẹ́ àwa gan-an: èéfín omi tí à ń sè, omi gbígbóná tí à ń wẹ̀, aṣọ tí à ń sá sínú yàrá, tó lọ ń dì mọ́ ògiri tútù tó sì ń hù ní dúdúdúdú. Ọ̀nà tí mo ń gbà yẹ̀ ẹ́ wò kò náni ní nǹkan kan. Màá gé ọ̀rá, màá fi sẹ́lótéèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ògiri pinpin, màá fi sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí omi bá wà lójú ọ̀rá tó kọ sí yàrá, afẹ́fẹ́ inú ilé ló mú un wá, fèrèsé àti fáànù ló kù. Bó bá wà lẹ́yìn ọ̀rá, inú ògiri lomi ti ń jáde. Mo mọ àwọn tó ti fi owó ńlá gbẹ́ ìdí ògiri nítorí omi tó jẹ́ pé ìkòkò ilé ìdáná ló ti wá.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ètò iṣẹ́. Gbogbo oníṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n: òkè ṣáájú ìsàlẹ̀, iṣẹ́ olómi ṣáájú èyí tó gbẹ, èyí tó dọ̀tí ṣáájú èyí tó mọ́. Òrùlé àti ọ̀nà tí omi òjò ń gbà lọ ló kọ́kọ́ yẹ, nítorí gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe lábẹ́ òrùlé tó ń jò, ẹ ó tún un ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ògiri, páìpù àti wáyà, rírẹ́ ògiri, táìlì, ọ̀dà, kí ohun tí ẹ fẹ́ tẹ́ sórí ilẹ̀ wá kẹ́yìn. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀ nínú ilé tó ṣófo. Nínú ilé tí ẹ ń gbé, ẹ gbọ́dọ̀ ní ibi tí ẹ máa sùn sí, ibi tí ẹ máa dáná sí, ibi tí ẹ máa yà gbẹ́ sí. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pinnu láti máa tún un ṣe ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Ó dùn létí. Àmọ́ páìpù ò mọ yàrá, wáyà ò mọ yàrá. Wáyà tó ń lọ sí yàrá kẹta gba inú àjà yàrá kìíní kọjá, èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn.

Ohun tí a wá ń ṣe ni pé a pín iṣẹ́ sí méjì. Gbogbo fífọ́, gbogbo páìpù, gbogbo wáyà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ń ṣe é jákèjádò ilé. A ó lọ bá ẹbí gbé fún àsìkò yẹn, ì báà jẹ́ pé ó na wá ní ìtìjú díẹ̀. Nígbà tí ògiri bá ti di pípa dé, a ó padà, a ó wá máa gbà á ní yàrá kọ̀ọ̀kan fún rírẹ́, ọ̀dà àti ilẹ̀. Láti ìgbà tí a bá ti padà títí tí a ó fi tà á, yàrá kan gbọ́dọ̀ wà tí iṣẹ́ ò dé rárá. Ibẹ̀ ni aṣọ tó mọ́ wà, ibẹ̀ ni ìwé ilé wà, ibẹ̀ la ń sùn. Oníṣẹ́ ò gbọdọ̀ gbé àpò síméǹtì gba ibẹ̀ kọjá bó ti wù kí ó yá tó. Mo fi ọwọ́ líle mú òfin yìí ju gbogbo òfin yòókù lọ. Ohun tí ń lé àwọn tọkọtaya kúrò nídìí iṣẹ́ yìí kì í sábà jẹ́ owó. Kí wọ́n máa jí lójoojúmọ́ sínú eruku, kí wọ́n má mọ ibi tí bàtà wọn wà, ìyẹn ni.

Balùwẹ̀ ń fẹ́ ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ilé bá ní méjì, a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìkejì kí àkọ́kọ́ tó ṣeé lò. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ bá plọ́ńbà ṣe àdéhùn pé àga ìgbọ̀nsẹ̀ tó bá tú láàárọ̀, yóò dá a padà nírọ̀lẹ́, kódà bí ilẹ̀ ò bá tíì ní táìlì. Lọ́jọ́ tó bá tú u, kó fi aṣọ dí ẹnu páìpù ẹ̀gbin pa, torí omi díẹ̀ tó máa ń dúró sínú kọ̀rọ̀ àga náà ló ń dí òórùn lọ́nà. Bí a bá ti tú u kúrò, kò sí ohun tó ń dá afẹ́fẹ́ burúkú yẹn dúró mọ́. Bí páìpù omi ìdọ̀tí ṣe tẹ̀ sísàlẹ̀ náà ṣe pàtàkì: nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Bó bá tẹ́ jù, ẹ̀gbin á dúró, bó bá tẹ̀ sísàlẹ̀ jù, omi á sáré lọ kó fi ẹ̀gbin sílẹ̀. Kí wọ́n tó bo páìpù omi tó mọ́, kí plọ́ńbà fi agbára ti omi sínú rẹ̀, kó sì fi sílẹ̀ láti wò ó bóyá agbára náà yóò dúró láìsí pé ó ń jò. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kun ohun tí kì í jẹ́ kí omi là kọjá sí ilẹ̀ ibi ìwẹ̀, tó sì gbẹ, a máa ń dí ojú ihò omi, a ó bu omi síbẹ̀, a ó fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tó dé, a ó fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Bí omi bá fà sísàlẹ̀ ju ohun tí afẹ́fẹ́ lè gbẹ lọ, táìlì kankan ò ní lọ síbẹ̀. Oníṣẹ́ táìlì á máa ráhùn pé a ń fi àkókò òun ṣòfò. Ẹ jẹ́ kó ráhùn.

Nípa omi náà, ẹ mọ ibi tí ẹ ti lè ti gbogbo omi ilé pa kí ọjọ́ wàhálà tó dé, kí ẹ sì fọwọ́ yí i wò bóyá ó ṣì ń ti. Ohun tó ti dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ẹni tó kàn án sábà máa ń gan. A máa ń jẹ́ kí plọ́ńbà fi fáàfù sí ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan tó ń lo omi, kí ilé ìdáná lè máa ní omi nígbà tí balùwẹ̀ bá wà ní títú. Bákan náà ni iná: oníná máa ń dá ọ̀nà iná kan sí tó ń gbé fíríìjì àti gílóòbù díẹ̀, a sì ń rí i pé ẹ̀rọ tó ń tètè gé iná bí iná bá ń jò gba ara èèyàn tàbí ilẹ̀, èyí tó ń ṣiṣẹ́ bí ohun tó ń jò bá ti tó mílíámpì 30, wà lórí rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ilé tí wáyà ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, tí ilẹ̀ tutù, tí ọmọdé ń sáré kiri, kì í ṣe ibi tí a ti ń dúró de ìparí iṣẹ́ kí a tó rí sí ààbò.

Mo dárúkọ ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀, torí eruku ilé tí à ń tún ṣe yàtọ̀ sí eruku tí a fi ìgbálẹ̀ gbá. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú. Amẹ́ríkà fòfin de irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ nínú ilé gbígbé ní 1978, ó sì ṣì kù àwọn orílẹ̀-èdè tí kò tíì ní òfin lórí rẹ̀. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọ kékeré jẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìpariwo, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Ilé tó bá ti dàgbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ọ̀dà rẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó fi sáńpépà kàn án. Bó bá ní òjé, ẹ má ha á ní gbígbẹ, ẹ má sì fi iná jó o. Ẹ fi omi rin ín, kí àwọn ọmọ kúrò nílé títí tí wọ́n á fi nu gbogbo rẹ̀ mọ́. Asbestos ni èkejì, ohun tí wọ́n máa ń pò mọ́ ohun ìkọ́lé nígbà kan, tí eruku rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ó wà nínú òrùlé ògbólógbòó tí wọ́n fi síméǹtì ṣe, nínú páìpù, nínú táìlì ilẹ̀ àtijọ́, nínú ohun tí wọ́n fi wé páìpù gbígbóná. Ìlú Ọba kò fòfin de gbogbo rẹ̀ tán títí di 1999, nítorí náà ilé tí kò tíì dàgbà púpọ̀ pàápàá lè ní in. Bó bá wà ní pípé, tí ẹnikẹ́ni ò gbẹ́ ẹ, tí kò fọ́, kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Bó bá ti fọ́ tàbí tó gbọ́dọ̀ kúrò, àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí ló ń kó o. Ẹ̀kẹta ni eruku tó ń jáde láti ara kankéré àti táìlì tí wọ́n bá ń gé. Ó ní silica nínú, ìyẹn ohun tó wà nínú yanrìn, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Ìta ni kí wọ́n ti máa gé e, kí omi sì máa dà lé ẹnu ẹ̀rọ náà. Ìbòmú tó dí imú dáadáa ni kí wọ́n lò, kì í ṣe aṣọ tí wọ́n so mọ́ ẹnu.

Láti dá eruku dúró, ọ̀rá nípọn la fi ń bo ẹnu ọ̀nà yàrá tí iṣẹ́ wà, a ó wá gbé fáànù sójú fèrèsé yàrá yẹn kó máa fẹ́ síta. Èyí ló ṣe iṣẹ́ ju ọ̀rá fúnra rẹ̀ lọ: bí afẹ́fẹ́ bá ń ti inú ilé lọ sí yàrá iṣẹ́, tó sì ń gba ibẹ̀ jáde, eruku ò ní lè padà wá bá wa. A ò sì ń gbálẹ̀ ní gbígbẹ. Omi la kọ́kọ́ ń wọ́n.

Sùúrù fún gbígbẹ tún ń bẹ, ẹni tó ń gbé inú ilé ni kì í ní in. Ọjọ́ 28 ni wọ́n máa ń kà fún kankéré kó tó ní agbára tí wọ́n ṣírò fún un. Síméǹtì tí wọ́n tẹ́ láti mú ilẹ̀ dọ́gba máa ń gbẹ ní nǹkan bíi mílímítà kan lóòjọ́, bí afẹ́fẹ́ bá dára, nítorí náà èyí tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5 kò ṣeé tẹ́ pákó lé lórí lọ́sẹ̀ kejì. Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, bí ẹ bá fi ọ̀dà olórọ́bà dí ojú rẹ̀ nígbà tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, yóò wú, yóò ṣí, ìṣojú ẹni tó wá ra ilé ló sì ti máa ṣẹlẹ̀.

Wàyí o, ewu tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ẹ bá ti ń jẹun níbẹ̀, tí àwọn ọmọ ti ní igun tí wọ́n ti ń ṣeré, ilé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ yín lára. Ọkọ mi fẹ́ kí a da yàrá kékeré kan pọ̀ mọ́ yàrá wa, kí ó lè tóbi bí palọ̀. Ó wù mí náà, mi ò ní purọ́. Àmọ́ iye yàrá ni àwọn tó ń wá ilé fi ń wá a. Ilé oníyàrá mẹ́ta tó bá di oníyàrá méjì ti bọ́ sí ìsọ̀rí míì, bí yàrá rẹ̀ ti wù kó tóbi tó. A fi ògiri náà sílẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn táìlì aláwọ̀ ewé kan fún ilé ìdáná débi pé mo máa ń lá àlá rẹ̀, àmọ́ funfun la tẹ́. Ìbéèrè tí a máa ń bi ara wa ni pé, "Ṣé ẹni tí a ò tíì mọ̀ máa san owó lórí èyí?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ "bóyá", a ò ṣe é. Ohun tí ẹni náà máa ń san owó lé ni ilé ìdáná tó ṣeé dúró sí láìfarakanra, balùwẹ̀ tí kò rùn, ìmọ́lẹ̀, ibi tí èèyàn ń kó ẹrù sí, àti ẹnu ọ̀nà ilé, torí ibẹ̀ ló máa dúró sí nígbà tí wọ́n bá ń wá kọ́kọ́rọ́. Àti pé ilé kì í fi bẹ́ẹ̀ tà ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ládùúgbò lọ. Ohun olówó ńlá tí ẹ bá fi kọjá wọn, ọrẹ lẹ fi ta ẹni tó rà á.

Ti àwọn oníṣẹ́ ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ tó parí la ń sanwó fún, kì í ṣe ọjọ́ tí oòrùn yọ. Àdéhùn wà lórí ìwé. Apá kan owó á wà lọ́wọ́ wa títí tí wọ́n á fi padà wá tún gbogbo kékeré-kèéké tó kù ṣe. Ọjọ́ kan wà lọ́sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kan òòlù, bí iṣẹ́ tilẹ̀ pẹ́ sí i nítorí rẹ̀. Ìwé àṣẹ ìjọba fún ohunkóhun tó bá kan ògiri tó gbé ilé ró, kí ó ti wà lọ́wọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí lọ́yà ẹni tó ń ra ilé máa béèrè rẹ̀.

Owó ìpamọ́ fún ohun àìròtẹ́lẹ̀, ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó àtúnṣe, ọ̀tọ̀ la fi í sí, bí ilé bá sì ti dàgbà, ìdá 20 ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹni tó bá ti ṣí ògiri ilé àtijọ́ rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Risíìtì gbogbo wà nínú fáìlì, torí ọ̀rọ̀ owó orí. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè máa ń fojú àánú wo èrè tó bá wá láti orí ilé tí èèyàn ń gbé, àmọ́ ó ní ààlà. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ni ilé, tó sì fi ṣe ibùgbé fún ó kéré tán ọdún 2 nínú ọdún 5 tó ṣáájú títà, lè yọ èrè tó tó $250,000 kúrò nínú ohun tí wọ́n máa gba owó orí lé, $500,000 fún tọkọtaya tó jọ ń san án. Ìlú Ọba náà ní irú ìdáríjì bẹ́ẹ̀ fún ibùgbé ẹni, ṣùgbọ́n òfin wọn sọ pé kò kan ẹni tó ra ilé nítorí àtijèrè lórí títà rẹ̀. Ẹ rí i pé ohun kan náà tí ẹ ṣe lè jẹ́ ibùgbé lójú òfin kan, kó jẹ́ òwò lójú èkejì. Ẹ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n níbi tí ẹ wà kí ẹ tó ra ilé, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá tà á.

Àsìkò títà ló le jù nínú gbígbé inú rẹ̀. Àárọ̀ ni ẹ ó ti máa gbá, ẹ ó máa nù, ẹ ó kó ohun ìṣeré pa mọ́, torí àjẹ́ńtì lè pè nígbàkígbà. Ìdajì ẹrù wa la máa ń kó lọ sí ibòmíì kí ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé, àti ìdajì ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, torí wọ́n máa ń ṣí i. Mo ti wá mọ̀ pé ẹni tó wá wo ilé kì í rí iṣẹ́ tí a ṣe, èyí tí a kò ṣe ló máa ń rí: ihò ìṣó kan lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ọwọ́ ìlẹ̀kùn tó ń mì. Ó wò ó, ó sì ń ronú pé bí èyí tó wà níta bá rí báyìí, èyí tó wà nínú ńkọ́?

Fún ìbéèrè yẹn, fọ́tò la fi ń dáhùn. Kí a tó bo ògiri kankan, a máa ń ya páìpù àti wáyà inú rẹ̀ pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ilé náà máa rí ibi tí kò gbọdọ̀ kan ìṣó sí. Àléébù tó bá ṣì kù, a máa ń sọ ọ́, a sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, òfin ló fi dandan lé e. Níbi tí kò bá ti sí irú òfin bẹ́ẹ̀ pàápàá, ẹni tó gbé inú ilé láti òjò dé ẹ̀ẹ̀rùn kò lè sọ pé òun ò mọ̀ pé ó ń jò. Bí ẹni tó ń rà á bá sì mú ìwé àyẹ̀wò wá, tó ní kí a tún àwọn nǹkan kan ṣe sí i, owó la máa ń yọ fún un, a kì í padà sídìí iṣẹ́. Ẹni tó ti ń di ẹrù ò gbọdọ̀ tún máa po síméǹtì.

Nígbà tí gbogbo owó wọlé tán lórí èyí tí a tà kẹ́yìn, mo jókòó, mo ṣírò iṣẹ́ ọwọ́ tiwa náà bí ẹni pé a gba oníṣẹ́ síbẹ̀. Ó dín èrè náà kù púpọ̀. Ibi tí owó gidi ti wá ni iye tí a fi rà á, owó ilé tí a kò san níbòmíì, àti àwọn nǹkan tí a rí tí a sì tún ṣe kí wọ́n tó di ńlá. Rírẹ́ ògiri fúnra wa kò fi nǹkan kan kún un bí kò ṣe ẹ̀yìn ríro, ojú ògiri náà ò sì tẹ́jú bíi ti Bàbá bíríkìlà wa. Ọ̀dà kíkùn la máa fi sílẹ̀ fún ara wa nínú èyí tó ń bọ̀. Ọkọ mi ti ń wo ọ̀kan. Mo ní kó lọ wádìí iye tí àwọn ilé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tà ná.